Ọjọ́ Tí Aṣọ Sójà Ojú Omi Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà

Lọ́jọ́ tí Terry kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ńṣe ni mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mò ń pààrọ̀ sípù ṣòkòtò ọmọ iléèwé kan, ni ilẹ̀kùn ṣí, òyìnbó gìrìwò kan sì wọlé nínú aṣọ sójà: bọ́ọ̀tù, bẹ́líìtì, fìlà tó dagun, àti àmì ẹ̀yẹ lóríṣiríṣi láyà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ogun ti dé Dagenham ní London níbí. Ìkejì ni pé àwọn ìmígíréṣọ̀n ti pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́. Ìwé ìgbélùú mi pé o, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti wà lókè kí ọpọlọ mi tó rántí.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ló bá ṣí fìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù, mi ò bá tìjà wá. Ṣé ẹ lè bá mi tú ìdí ṣòkòtò yìí kó lè gbà mí? Tí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, yóò ya."

Ó kẹ̀yìn sí mi kí n lè rí i. Òótọ́ ló sọ. Òwú ìdí ṣòkòtò náà ti ń ké ìrora.

Mo ní, "Sójà ibo lẹ̀ ń ṣe?"

"Ti Amẹ́ríkà. Ti ogun Hitler."

"Ṣé ẹ̀yin náà wà lójú ogun náà ni?"

"Rárá o. Ogun ti parí kí wọ́n tó bí mi."

"Ta ló wá fún yín ní àmì ẹ̀yẹ?"

Ojú tì í díẹ̀. "Mo rà wọ́n lọ́jà ọjọ́ Sunday."

Bí èmi àti Terry ṣe di ojúlùmọ̀ nìyẹn, tí iṣẹ́ ọwọ́ mi sì gba ọ̀nà tí n kò rò láéláé.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní títì Alibon, láàárín ilé tí wọ́n ti ń din ẹja àti ọ̀dùnkún, àti ibi tí àwọn ọmọge ti ń kun èékánná. Aṣọ tí kò bá ti yára kúrò lọ́wọ́ mi kì í pẹ́ kó tó máa rùn bí ẹja díndín, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé gbogbo iṣẹ́ tó bá ti parí sínú báàgì dúdú onísípù, tí mo sì máa ń gbé e kọ́ sára ògiri. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin kan tá à ń pè ní Ìyá Dúró, nítorí kò gbà kí ọmọṣẹ́ kankan jókòó títí tí yóò fi mọ aṣọ gé. Obìnrin náà le, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Ẹ má rán aṣọ fún ara tí oníbàárà ní. Ẹ rán an fún ara tó rò pé òun ní." Nígbà tí mo dé London, Peckham la kọ́kọ́ gbé. Ìgbà tí àwọn ọmọ dàgbà tí ilé kò gbà wá mọ́ la kó wá sí Dagenham, tí mo sì gba ṣọ́ọ̀bù. Kí Terry tó dé, aṣọ iléèwé, kọ́tìnnì àti sùtánà àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa ni mò ń rán. Sùtánà ni aṣọ funfun gígùn tá à ń wọ̀ lọ jọ́sìn.

Terry ti wa lọ́rì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Rush Green ni òun àti Maureen ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ pé ní òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn á múra bí ará Amẹ́ríkà ayé ogun àti ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin á wọ aṣọ sójà tàbí kóòtù èjìká gbàgàdà, àwọn obìnrin á ká irun wọn sókè bí ẹni ká òṣùká, wọ́n á kun ètè pupa, wọ́n á lọ sí gbọ̀ngàn kan láti jó sí orin fèrè àti dùùrù. Terry tiẹ̀ ní jíìpù ológun gidi, tí kò ní ilẹ̀kùn, tó ń wú ikọ́ bí arúgbó.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ní, "Bàbá mi ṣì kéré nígbà ogun. Kò sí ṣúgà, kò sí bọ́tà, bọ́m̀bù ń já lulẹ̀. Ni àwọn sójà Amẹ́ríkà bá dé pẹ̀lú ṣíńgọ́ọ̀mù àti orin. Títí bàbá mi fi kú, tó bá ti fẹ́ sọ nǹkan tó dùn, ara wọn ló ń sọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo tú ìdí ṣòkòtò, mo fi aṣọ kún un níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìdajì ẹgbẹ́ wọn ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo ní láti tún iṣẹ́ kọ́. Síkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin wọn, roboto lèèyàn ń gé e, bí òṣùpá àrànmọ́jú, kó tó wá lu ojú kan sáàárín fún ìbàdí. Yẹ̀rì onínẹ́ẹ̀tì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, kí aṣọ náà lè dúró gbandi, kó sì ṣí bí agbòjò nígbà tí obìnrin bá yí po. Síkẹ́ẹ̀tì tó bá yí tí kò ṣí, wọ́n á dá a padà. Maureen ló kọ́ mi ní yẹ̀rì rírán. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti ṣiṣẹ́ oúnjẹ ní iléèwé rí, ohùn rẹ̀ sì lè dá ìjà ọmọ ọgbọ̀n dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn oníbàárà náà ní tiwọn. Ọkùnrin kan gbé kóòtù sójà tó dára wá, ó ní kí n lu ihò sí i láyà.

Mo ní, "Ihò?"

"Ihò ọta ìbọn ni. Kó lè jọ gidi."

"Ọ̀gá, àyà yín mà lẹ̀ ń nawọ́ sí yẹn. Ṣé ẹ ti kú nínú aṣọ náà ni?"

Ó ronú sí i. Ó ní kí n kúkú lu ú sí apá.

Ní ọdún kan, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún Maureen. Egungun tuntun ni wọ́n fi sí i. Obìnrin tí kì í jókòó tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ìdáná. Nígbà tó yá, dókítà ní ó lè jó díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó máa ń bá wọn lọ sí gbọ̀ngàn, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn yòókù. Terry náà kò jó mọ́. Ní ọjọ́ kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ funfun kan tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ó ní, "Màmá Tósìn, ìrántí ọjọ́ ìgbéyàwó wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Irú aṣọ sójà ojú omi yìí ni mo wọ̀ nígbà tí Maureen kọ́kọ́ gbà kí n bá òun jó. Ẹ bá mi rán tuntun. Bó bá rí mi nínú rẹ̀, bóyá yóò dìde."

"Bí kò bá dìde ńkọ́?"

Ó gbójú sílẹ̀. "Á jẹ́ pé mo jókòó tì í."

Mo rán aṣọ náà bí ẹni rán aṣọ fún ọba. Funfun báláú ni, ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ gbòòrò, kólà rẹ̀ sọ̀ sẹ́yìn ọrùn bí aṣọ tábìlì kékeré, fìlà rẹ̀ sì dà bí abọ́ ìfọwọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mò ń rán sùtánà tuntun fún Bàbá Adérónmú. Àgbà ni wọ́n nínú ìjọ wa. Lọ́jọ́ Sunday yẹn kan náà ni wọ́n fẹ́ fi òróró yàn wọ́n sípò tuntun. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ pínpín lẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ìkánjú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń kánjú jẹun, wọ́n ń kánjú sùn, kódà wọ́n máa ń ṣe "Àmín" kí àdúrà tó parí.

Lọ́sàn-án Saturday, mo lọ ra òwú, Tósìn ọmọ mi ló dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Adérónmú já wọlé. Wọ́n ní mọ́tò àwọn wà níbi tí kò yẹ kí mọ́tò wà, wọ́n ní kí Tósìn má ṣèyọnu, wọ́n na ọwọ́ sí ògiri, wọ́n fa báàgì dúdú kan yọ, wọ́n ti lọ. Nígbà tí Terry dé, ẹyọ báàgì kan ló kù. Tósìn gbé e fún un tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Láàárọ̀ Sunday, mo ti wọ sùtánà tèmi, mo ti bọ́ bàtà bí àwa Aládùúrà ṣe ń ṣe, mò ń retí ẹni tó máa gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni fóònù dún. Terry ni.

"Màmá Tósìn, aṣọ náà dára gan-an. Ṣùgbọ́n ó gùn dé ilẹ̀, kò sì ní ṣòkòtò. Mo dà bí áńgẹ́lì."

Kí n tó dáhùn, ìpè mìíràn wọlé. Bàbá Adérónmú ni.

"Ìyá Tósìn! Ọ̀tá ti wọ inú báàgì mi!"

"Bàbá, kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbòòrò! Aṣọ tábìlì! Àti abọ́ tí wọ́n fi aṣọ rán! Àwọn àgbààgbà ti ń péjọ o!"

Mo kígbe pe Tósìn. Ọmọ náà jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Mummy, calm down jàre. Bàbá ló mú un fúnra wọn, I swear. Mi ò tiẹ̀ rí ojú wọn dáadáa."

Ibi tí ìjọ wa ti ń jọ́sìn wà ní Marks Gate, lápá òkè títì ńlá A12. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ọjọ́ Sunday kò ṣeé gbára lé, ẹni tó sì yẹ kó gbé mi kò tíì dé. Terry ní, "Ẹ dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀." Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ikọ́ jíìpù náà ní títì wa.

Ẹ fojú inú wò mí: obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, nínú jíìpù ológun Amẹ́ríkà tí kò ní ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ kan di fìlà ìjọ́sìn mú, mo fi èkejì di Terry lápá. Òun náà ti wọ aṣọ sójà tí mo tú ìdí rẹ̀, nítorí pé aṣọ yẹn nìkan ló wà ní sẹpẹ́. Ní iná títì, ọkọ̀ kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Obìnrin tó ń wà á yọ orí síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, fíìmù wo lẹ̀ ń ṣe?"

Terry ní, "A ò tíì mọ bó ṣe máa parí."

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀ṣì, arákùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí sójà, ó fẹ́ wọlé sá. Mo ní ọ̀rẹ́ ni. Wọ́n ní kí Terry bọ́ bọ́ọ̀tù, nítorí a kì í wọ bàtà síbẹ̀. Ó bọ́ ọ láìjanpata. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti lu ìbọ̀sẹ̀ jáde, ó sì ń wo gbogbo wa.

A bá Bàbá Adérónmú nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo ti múra láti dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti wọ aṣọ náà. Wọ́n wọ ṣòkòtò, wọ́n wọ kólà, wọ́n dé fìlà gẹ̀gẹ̀rẹ̀, wọ́n wá dúró síwájú dígí.

Wọ́n rọra bi mí pé, "Ìyá Tósìn, ẹ sọ òótọ́. Ṣé kò bá mi mu?"

Ó mà bá wọn mu o. Kí n tó sọ̀rọ̀, Terry ti nà ró, ó ta sàlúù. Bàbá Adérónmú náà nà ró, wọ́n dá sàlúù padà, wọ́n sì fi ẹ̀rín sí i. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n pààrọ̀ aṣọ. Sùtánà náà sọ̀ sí Bàbá lára bí omi. Mo ní kí Terry máa lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun á wò ó díẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ sí orin wa, kò sì ṣi ẹsẹ̀ orin kankan. Nígbà tí wọ́n da òróró sí Bàbá lórí, mo rí i tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Lẹ́yìn ìsìn, ó sọ ọ̀rọ̀ Maureen fún Bàbá. Bàbá bi í pé ìbàdí wo ni, ọ̀tún tàbí òsì. Ó ní òsì ni. Bàbá ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ." Báyìí ni àwa mẹ́ta ṣe wọ jíìpù lọ sí gbọ̀ngàn ijó ní Rush Green, sójà kan, sùtánà méjì.

Maureen jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ìṣe rẹ̀. Bàbá lọ bá a, wọ́n ní ṣé àwọn lè gbàdúrà sí ìbàdí náà. Maureen wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

"Ẹ gbà á, bàbá. Dókítà ti ṣe tirẹ̀."

Àdúrà náà kúrú, ẹ kúkú mọ Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe "Àmín," Terry jáde láti yàrá kejì nínú aṣọ funfun. Ó dúró níwájú ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́. Mò ń wo ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Maureen, mò ń sọ lọ́kàn mi pé, dìde, jọ̀ọ́, dìde.

Maureen ní, "Ta ló rán aṣọ yẹn fún ọ?"

"Màmá Tósìn ni."

"Ó mú kó dà bí ẹni pé o tóbi níbi tó yẹ." Ló bá fún un lọ́wọ́, ó dìde.

Orin pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sí i. Wọn ò ṣe ju kí wọ́n máa mì lọ mì bọ̀, orí rẹ̀ láyà ọkọ rẹ̀, lórí aṣọ tí mo rán. Mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó púpọ̀ láyé mi, n kò rí èyí tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yí orin padà sí èyí tó yára. Àwọn yòókù dà sójú agbo, wọ́n tẹ orúnkún, wọ́n ń ju ẹsẹ̀ òsì síwájú, wọ́n ń fi ìka kan tọ́ka sókè. Mo mọ ijó náà. Bàbá mi ló ń jó o.

Akọ̀wé reluwé ni bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Ó ti lọ jagun ní Bọ́má nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ogun fún wa rí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àmọ́ bí rédíò bá ti gbé irú orin fèrè bẹ́ẹ̀ jáde, á dìde, á tẹ orúnkún, á máa ju ẹsẹ̀ òsì, á máa tọ́ka sí àjà. Àwa ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ara rẹ̀ ni, pé òun nìkan ló ń jó irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wá wo ogunlọ́gọ̀ òyìnbó ní Rush Green tí wọ́n ń jó o, tí ẹnì kankan nínú wọn kò mọ̀ ọ́n.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Maureen ti ọkọ rẹ̀ sí mi. "Bá a jó. Ìbàdí mi ti tó fún òní." Ẹsẹ̀ mi kàn ń lọ ni, nínú sùtánà, láìsí bàtà.

Terry ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Níbo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Nínú pálọ̀ bàbá mi."

Bàbá Adérónmú kàn ń wò mí. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Wọ́n ní, "Ìyá Tósìn, ẹ tọ́ka sókè dáadáa. Ọ̀run náà lẹ̀ ń tọ́ka sí."

Ní ọjọ́ kejì, mo pe ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn mú ju tèmi lọ. Mo ní, "Màámi, níbo ni bàbá wa ti kọ́ ijó orin fèrè yẹn?"

Wọ́n ní, "Ijó àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Ìgbà tí wọ́n kó wọn lọ sí Íńdíà kí wọ́n tó wọ Bọ́má, àwọn kan ń la títì nítòsí wọn, sójà ni àwọn náà, dúdú bíi tiwa. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á gbé ẹ̀rọ orin síta, wọ́n á pe bàbá rẹ. Àwọn ló kọ́ ọ. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni òun ti rẹ́rìn-ín nínú ogun náà."

"Kò sọ fún wa rí."

"Ẹ̀yin ń fi í rẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní, "Ìyẹn ló jẹ́ kó dáwọ́ rẹ̀ dúró?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín bí ọmọge. "Ta ló sọ pé ó dáwọ́ dúró? Ó máa ń dúró kí gbogbo yín lọ sí iléèwé ni. Ta lo rò pé ó ń bá jó?"

Mo ròyìn gbọ̀ngàn Rush Green fún wọn. Wọ́n wá bi mí pé irú aṣọ wo ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wọ̀. Mo ṣàlàyé síkẹ́ẹ̀tì roboto náà. Wọ́n ní, "Rán ọ̀kan fún mi."

Aṣọ àdìrẹ ni mo lò, èyí tí wọ́n fúnra wọn fi ránṣẹ́ sí mi. Kò rọrùn, torí pé tí èèyàn bá gé àdìrẹ ní roboto, iṣẹ́ ara rẹ̀ á dojú kọ ibi tó wù ú. Mo tú u, mo tún un gé, títí àwọn ẹyẹ ara aṣọ náà fi ń fò ká ìbàdí láìsí èyí tó dorí kodò. Maureen rán yẹ̀rì rẹ̀ lórí ìjókòó, ó sì kọ̀ kí n ràn án lọ́wọ́. Ìyàwó àbúrò mi ló bá mi wọn ìbàdí màámi, ará ìjọ wa kan tó ń lọ ilé ló bá mi gbé aṣọ náà lọ.

Èmi, Terry àti Maureen la jọ wò wọ́n lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi dúró láàárín pálọ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di èjìká àbúrò mi mú. Wọ́n rọra yí po. Síkẹ́ẹ̀tì náà dìde kúrò lára wọn, ó ṣí, ó ṣí títí, gbogbo ẹyẹ náà sì gbéra. Maureen pariwo. Terry ṣí fìlà. Èmi ń sunkún, mò ń wo hẹ́ẹ̀mù etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó tọ́, ó sì tọ́.

Ìyá mi súnmọ́ fóònù, ojú wọn gba gbogbo rẹ̀.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ jù. Ta ló sọ fún ọ pé mo ti di arúgbó? Tó o bá ń bọ̀ ní Kérésì, mú sísọ́ọ̀sì rẹ dání, kí o wá fún un mọ́ mi lára."